Dígí tó ń ká àti rọ́bà tó ń ká: èwo ni kó wà lójú fóònù yín?

Èékánná ọmọdé ló kọ́kọ́ là mí lójú. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́ta lọ, gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó fẹ́ tẹ àwòrán ológbò kan, ó wá fi èékánná tẹ̀ ẹ́ dípò orí ìka. Nígbà tí mo gbà á padà, ìlà kékeré kan ti jìn sójú fóònù náà, bí ìgbà téèyàn fi èékánná sàmì sára ọṣẹ. Mo fọwọ́ nù ún, kò lọ. Mo fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì bóyá á wú padà, kò wú. Fóònù tó ṣeé ká ni, rọ́bà ni wọ́n fi ṣe ojú rẹ̀. Iye tí mo rà á, mi ò tíì sọ ọ́ fún ìyàwó mi títí dòní.

Èyí tó ní dígí ni mo rà tẹ̀ lé e, ọdún kẹta rèé tó ti wà lọ́wọ́ mi. Torí náà, tẹ́nì kan bá bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, dígí ni kí n rà àbí rọ́bà?", mo ní nǹkan sọ. Bí kámẹ́rà ṣe rí àti bí bátìrì ṣe ń pẹ́ tó, ẹ ó rí ìyẹn kà níbi gbogbo. Ojú fóònù nìkan ni mo bá wá.

Dígí wo ni wọ́n ń sọ gan-an?

Ohun tí àwọn tó ń tà á kì í fẹ́ sọ sókè ni pé rọ́bà lẹ ó máa fọwọ́ kàn nínú méjèèjì. Lórí dígí tó ń ká, ọ̀rá tín-ín-rín kan wà tí wọ́n ti lẹ̀ mọ́ ọn láti iléeṣẹ́ wá. Ọ̀rá yẹn lẹ ń fọwọ́ pa, òun náà ló sì ń họ. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé nígbà tí Galaxy Z Flip, fóònù Samsung tó ń ká, jáde ní oṣù kejì ọdún 2020, táwọn kan fi irin họ ojú rẹ̀, tí wọ́n rí i pé ó họ bíi rọ́bà, ariwo ta: dígí tẹ́ ẹ ní ẹ fi sí i dà? Dígí wà níbẹ̀, abẹ́ ọ̀rá ló wà. Nínípọn rẹ̀ kò ju máíkírọ́ọ̀nù 30 lọ, ìyẹn ìdá 30 tí ẹ bá pín mílímítà kan sí ọ̀nà 1,000. Irun orí èèyàn nípọn jù ú lọ.

Báwo wá ni dígí ṣe ń ká? Pákó tó nípọn kò ṣeé ká, ṣùgbọ́n ẹ wo èéhọ igi tí káfíńtà bá fi ìfági họ jáde: ṣe ló máa ń ká jọ fúnra rẹ̀ nílẹ̀. Igi kan náà ni. Bí dígí ṣe rí nìyẹn. Tí nínípọn rẹ̀ bá dín kù sí ìdajì, ìnira tó ń bá ojú rẹ̀ níbi tí ẹ ti tẹ̀ ẹ́ náà á dín kù sí ìdajì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á rì í sínú iyọ̀ pọtáṣíọ̀mù tó gbóná tó ti yọ́. Pọtáṣíọ̀mù tóbi ju sódíọ̀mù inú dígí lọ. Á lé sódíọ̀mù jáde, á há ara rẹ̀ sí àyè rẹ̀, ojú dígí á wá fún pọ̀ gírígírí, kò ní tètè sán.

Rọ́bà ní tirẹ̀, polyimide tí kò ní àwọ̀ ni. Òun ló wà lójú FlexPai, fóònù tó ń ká tí iléeṣẹ́ Royole ti China gbé jáde ní 2018. Òun náà ló wà lójú Galaxy Fold àkọ́kọ́ ní 2019, Sumitomo Chemical ti Japan ló ṣe é fún wọn. Kì í sán, ẹ jẹ́ ká fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Àìsàn rẹ̀ ni pé kì í gbàgbé. Ohunkóhun tó bá tẹ̀ ẹ́, á ti fi àmì rẹ̀ pamọ́.

Ojú ìká

Kò pẹ́ rárá tí ibi tí fóònù rọ́bà mi ti ń ká fi di kòtò. Tí mo bá ń fi ìka yí ìròyìn lọ sókè, ìka mi á sọ̀ kalẹ̀ sínú rẹ̀, á tún gòkè. Ti dígí náà ní ìlà o, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Ṣùgbọ́n dígí máa ń fẹ́ nà padà ni, ìlà tèmi kò sì fi bẹ́ẹ̀ jìn ju bí mo ṣe bá a lọ. Híńjì lọ́wọ́ sí i pẹ̀lú. Èyí tó bá fi àyè sílẹ̀ nínú kí ojú fóònù rọra ká roboto, dípò kó ṣẹ́ ẹ po, ló dára jù.

Ọ̀rá: ibi tí owó mi wọlẹ̀ sí

Ní oṣù kẹrin ọdún 2019, Samsung fún àwọn oníròyìn ní Galaxy Fold kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò kó tó dé ọjà. Ọ̀rá ojú rẹ̀ ní etí tó hàn síta, ó sì jọ ọ̀rá tí gbogbo wa máa ń bó dànù tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ra fóònù. Àwọn kan bó o. Ojú fóònù kú. Wọ́n sún ọjọ́ ìtajà síwájú, ó di oṣù kẹsàn-án kó tó jáde, wọ́n sì ti fa etí ọ̀rá náà wọ abẹ́ férémù kí ọwọ́ má bàa tó o mọ́.

Èmi kò bó tèmi. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ èékánná yẹn, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tún un ṣe, mo ní kí wọ́n bá mi pààrọ̀ ọ̀rá. Ọmọkùnrin tó gbà á lọ́wọ́ mi tan iná sí i, ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún. "Bọ̀dá, ó ti kọjá ọ̀rá. Ó ti dé ara rọ́bà abẹ́ rẹ̀." Pé kí ó wá pààrọ̀ rọ́bà ńkọ́? Wọn kì í tà á lọ́tọ̀. Ojú fóònù, férémù, híńjì, gbogbo rẹ̀ ti so mọ́ra, ẹ ó ra gbogbo rẹ̀ ni. Owó tó pè tó ra fóònù gidi tí kì í ká. Mo san án, kí n má purọ́. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, mo pa á dé mọ́ èérún iyanrìn kan tí mi ò rí, kòtò tuntun yọ. Lọ́tẹ̀ yìí, mo gbé e sínú dúrọ́ọ̀, ibẹ̀ ló wà di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ẹ wá gbọ́ ti dígí. Ó ti lé ní ọdún kan lọ́wọ́ mi nígbà tí mo ṣí i ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí òtútù mú gan-an, mo gbọ́ ìró kan bíi ti ewé gbígbẹ. Láti òkè ojú ìká, ìlà funfun kan ti ń sọ̀ kalẹ̀. Àyà mi já. Mo ti ń ṣe ìṣirò iye tí wọ́n máa pè. Nígbà tí mo dé ọ̀hún, ọ̀rá ló gbéra, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n fi ooru díẹ̀ sí i, wọ́n rọra ká a kúrò láti igun kan, wọ́n nu abẹ́ rẹ̀. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n wò ó kí wọ́n tó lẹ òmíràn. Gbogbo ìlà tí mo ti ń wò lójú fóònù náà láti ọjọ́ yìí wá, ọ̀rá ti kó wọn lọ. Dígí abẹ́ rẹ̀ ń dán bí omi inú àwo, kò sí ìfà kan lára rẹ̀. Kò tó wákàtí kan tí mo fi gbé e padà sílé, owó tí mo san kò sì jọ ti tẹ́lẹ̀ rárá.

Ṣùgbọ́n dígí náà ní ìwà tirẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan pa tirẹ̀ dé mọ́ èérún iyanrìn bíi tèmi. Tèmi jìn, tirẹ̀ sán. Ilẹ̀ mọ́, ìlà dúdú kan ti là á já láti òkè délẹ̀, ó sì ra ojú fóònù odindi.

Torí náà, kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn: ta ló ń pààrọ̀ ọ̀rá, ọjọ́ mélòó ló ń gbà, ṣé ó wà nínú gàráǹtì? Ẹ sì má ra ọ̀rá mìíràn níta lẹ̀ mọ́ ọn. Tí ẹ bá ń yọ ti òkè, ó lè fa ti iléeṣẹ́ lọ́wọ́ lọ.

Àwọn tó kù

Kíká àti ṣíṣí: 200,000 ìgbà ni Samsung sọ pé òun dán Z Flip wò dé. Tí ẹ bá ń ṣí i nígbà 100 lójúmọ́, ó ju ọdún márùn-ún lọ, kò yẹ kó dí yín lóorun.

Omi: Z Fold3 àti Z Flip3 ti Samsung ní 2021 ni wọ́n kọ́kọ́ kọ IPX8 sí. 8 tó kẹ́yìn ń sọ bó ṣe lè gba omi sára tó, àyè X sì ni ti eruku. X yẹn ni kẹ́ ẹ wò, torí kò ṣèlérí kankan nípa eruku. Pixel 10 Pro Fold tí Google gbé jáde ní 2025 ní IP68: 6 ti gba àyè X, eruku kò lè wọ̀ ọ́.

Kálàmù: èyí tí wọ́n ṣe fún fóònù náà gan-an nìkan.

Kí ló kan oníbàárà nínú ọ̀rọ̀ ọjà?

Páàtì ló kàn yín. Ní 2012 ni Corning ti Amẹ́ríkà gbé Willow Glass jáde, dígí tí nínípọn rẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá mílímítà, tó ṣeé ká róbótó bí ìwé. Nígbà náà, ẹ ó rò pé kò ní pẹ́ tí a ó fi máa ká tẹlifíṣọ̀n bí ẹní. Ẹ wo ògiri yín bóyá ẹ rí i. Fóònù ló wá gbé dígí tín-ín-rín dé ọwọ́ aráàlú, fóònù tó ń ká náà kò sì tó 2 nínú 100 fóònù tí wọ́n tà lágbàáyé ní 2024. Àwọn tó ń ṣe dígí ọ̀hún kò pọ̀. Lára wọn ni SCHOTT ní Jámánì, tí Dowoo Insys ní South Korea ń bá a gé e tí wọ́n sì ń mú un le fún Samsung, Corning fúnra rẹ̀, àti Nippon Electric Glass ní Japan. Ọjà kékeré, olùtà díẹ̀: ẹ má retí pé ojú fóònù pípààrọ̀ á pọ̀ nílẹ̀ láìpẹ́.

Ti Royole tún bani lọ́kàn jẹ́ ju ìyẹn lọ. Òun ló ṣáájú gbogbo wọn dé ọjà, ní 2024 ó kógbá wọlé. Ẹni tí FlexPai ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí ojú rẹ̀ bá jìn, níbo ló ti fẹ́ rí òmíràn rà?

Ọ̀dọ̀ dígí ni àwọn ńláńlá ń da owó sí. Samsung ní dígí Z Fold7 tó jáde ní 2025 fi ìdajì nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó sì ṣì ń ká. Rọ́bà kò tíì kúrò nílẹ̀ ṣá o. Fóònù tó ń ká sóde, bíi Mate X tí Huawei gbé jáde ní 2019, tí ojú rẹ̀ máa ń wà níta nínú àpò, rọ́bà bá a mu, torí ibẹ̀ ni ìkọlù pọ̀ sí.

Èwo ni kẹ́ ẹ rà?

Mi ò gbè sẹ́yìn ẹnì kan. Tó bá jẹ́ pé fóònù yín máa ń já bọ́ lọ́wọ́ yín lójoojúmọ́, tí kò sì sí ọmọdé nílé, rọ́bà lè tẹ́ yín lọ́rùn, owó rẹ̀ sì lè fúyẹ́. Tí ẹ bá fẹ́ lò ó ju ọdún kan lọ, ẹ ra dígí, kí ẹ ya owó ọ̀rá kan sọ́tọ̀.

Tó bá jẹ́ àlòkù lẹ fẹ́ rà, ẹ pa iná ojú rẹ̀ kó dúdú, ẹ gbé e sábẹ́ iná, kí ẹ wá tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Òkè àti ìsàlẹ̀ ojú ìká, níbi tó ti kan férémù, ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Tí ẹ bá rí funfun tó fẹ́ẹ́rẹ́ bí afẹ́fẹ́ há sábẹ́ rẹ̀, ọ̀rá ni, ẹ yọ owó rẹ̀ kúrò nínú iye tí ẹni tó ń tà á pè. Tó bá jẹ́ kòtò lẹ rí, ẹ dá a padà fún un.