WordPress lọ́wọ́ ẹni tó ń fi í jẹun: àgbéyẹ̀wò mi

Láti ọdún 2017 ni mo ti ń ṣe wẹ́ẹ̀bùsáìtì fún ẹni tó bá gbé iṣẹ́ wá. Mi ò ní ọ̀gá, mi ò sì ní ọ́fíìsì: yàrá kan nílé wa n'Íbàdàn, kọ̀ǹpútà alágbèéká kan, inverter kékeré kan, ó parí. Mo ti ṣiṣẹ́ fún ìyá aláàdìrẹ, fún ṣọ́ọ̀ṣì, fún ilé ẹ̀kọ́ aládàáni, fún agbẹ́jọ́rò méjì, àti fún arákùnrin kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní Yorùbá ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ò jọra rárá. Síbẹ̀, nínú iṣẹ́ mẹ́wàá, bíi mẹ́jọ ni mo fi WordPress ṣe, ìyẹn irinṣẹ́ téèyàn fi ń ṣe wẹ́ẹ̀bùsáìtì, tó sì fi ń yí ohun tó wà lórí ẹ̀ padà láìkọ kóòdù. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ wọ iṣẹ́ yìí máa ń bi mí bóyá ó ṣì yẹ kéèyàn kọ́ ọ. Ohun tójú mi ti rí nídìí ẹ̀ rèé.

WordPress méjì ló wà o, ẹ má jẹ́ kó dà pọ̀ mọ́ yín lójú. WordPress.com jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ Automattic. Ọ̀dọ̀ wọn ni ìkànnì yín á máa gbé, ẹ ó sì máa sanwó fún ohun tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi kún un. Èyí tí mò ń sọ ni ti WordPress.org, tí Matt Mullenweg àti Mike Little gbé jáde ní oṣù Karùn-ún ọdún 2003. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ ó gbé e sórí hosting (ibi tí ìkànnì ń gbé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì) tó bá wù yín, kò sì sẹ́ni tó máa bi yín pé kí lẹ fẹ́ fi ṣe. Nínú 100 wẹ́ẹ̀bùsáìtì tó wà láyé, èyí tó ń lò ó lé ní 40. Èrè ìyẹn fún ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́ ni pé bí nǹkan bá bà jẹ́ lóru, irú ẹ̀ ti ṣe ẹlòmíràn rí, ó sì ti kọ ojútùú ẹ̀ síbì kan.

Ìyá tó ń ta àdìrẹ lọ́jà Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta, ló là mí lójú sí ibi tí agbára ẹ̀ wà gan-an. Àwọn méjì ti ṣe wẹ́ẹ̀bùsáìtì fún màmá kí n tó dé. HTML, èdè tí wọ́n fi ń kọ ojúewé wẹ́ẹ̀bù, ni wọ́n fi ọwọ́ kọ, ó sì rẹwà. Àmọ́ bí àdìrẹ kan bá tán, tàbí tí owó aró bá gbówó lórí, àfi kí màmá pe ọmọkùnrin tó ṣe é, kí ìyẹn tún gbowó kó tó yí nọ́ńbà kan ṣoṣo padà. Nígbà tó yá, kò gbé fóònù mọ́. Ọ̀rọ̀ tí màmá kọ́kọ́ bá mi sọ ni pé, "Ọmọ mi, ṣé èmi náà á lè fọwọ́ kan nǹkan yìí?"

Mo ní, "Ẹ ó lè fọwọ́ kàn án mà. Bí ẹ bá ń fi àwòrán sórí WhatsApp, ẹ ó lè ṣe èyí."

WooCommerce ni mo fi ṣe ilé ìtajà náà. Plugin ni, ìyẹn ohun téèyàn ń so mọ́ WordPress kó lè ṣe iṣẹ́ míì; èyí ń sọ ìkànnì di ilé ìtajà. Mo ṣí àkáǹtì fún màmá gẹ́gẹ́ bíi Shop manager, mi ò sọ wọ́n di Administrator, ẹni tó ní àṣẹ lórí ohun gbogbo. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fojú kékeré wo ìyàtọ̀ yẹn. Shop manager lè fi ọjà sí i, ó lè yí iye owó padà, ó lè rí ẹni tó rajà. Kò lè yọ plugin, kò sì lè pààrọ̀ theme, ìyẹn aṣọ tí ìkànnì wọ̀. Plugin Paystack, ilé-iṣẹ́ tó ń báni gba owó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ni mo so mọ́ ọn fún owó gbígbà. 1.5% àti ₦100 ni wọ́n ń yọ lórí owó tí wọ́n bá san láti inú Nàìjíríà níbí. Bí ọjà ò bá tó ₦2,500, wọn kì í yọ ₦100 yẹn, bó ti wù kí ọjà wọ́n tó, iye tí wọ́n ń yọ kì í ju ₦2,000 lọ. Mo fi bírò ṣírò aṣọ tí màmá ń tà ní ₦12,000 fún wọn: ₦280 ló máa lọ. Wọ́n wò ó, wọ́n ní, "Owó ọlọ́kadà tó ń gbé e lọ sí páàkì ju ìyẹn lọ." Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Wákàtí mẹ́ta la fi kọ́ ọ, nínú ṣọ́ọ̀bù, lórí fóònù tiwọn. Ibi àwòrán la pẹ́ sí jù. Láti ìgbà WordPress 5.3, lọ́dún 2019, ló ti máa ń dín àwòrán tó bá ju píksẹ́lì 2560 lọ kù fúnra ẹ̀, àmọ́ ìyẹn ṣì tóbi fún oníbàárà tó ń fi dátà wò ó, torí náà mo kọ́ màmá bí wọ́n á ṣe máa dín in kù lórí fóònù kí wọ́n tó gbé e sókè. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, aago mẹ́fà àárọ̀, wọ́n fi líǹkì kan ránṣẹ́ sí mi. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ tuntun, àwòrán mẹ́rin, iye owó, "Ó ku mẹ́fà." Èmi ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Ohun tí mo fi ń díwọ̀n irinṣẹ́ láti ọjọ́ náà nìyẹn: kí ni oníbàárà lè dá ṣe lẹ́yìn tí mo bá ti gbowó mi lọ?

Ìtọ́jú ẹ̀ ló wá nira. WordPress fúnra ẹ̀ ń yí padà, theme ń yí padà, plugin mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ń yí padà, olúkúlùkù lákòókò tiẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ kan, tí ìsọjí ọdọọdún ku ọ̀la, akọ̀wé ṣọ́ọ̀ṣì kan pè mí pé wẹ́ẹ̀bùsáìtì ti di funfun. Plugin kàlẹ́ńdà kan ló gba update (ẹ̀dà tuntun) fúnra ẹ̀, ló bá kọlu òmíràn. Láti WordPress 5.2, lọ́dún 2019, bí irú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, íméèlì á wọlé pẹ̀lú líǹkì téèyàn lè gbà wọlé ṣàtúnṣe. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ íméèlì akọ̀wé tó ti kúrò níbẹ̀ láti ọdún méjì ló wà lórí ìkànnì yẹn. Kò síná, kọ̀ǹpútà mi ti kú. Orí fóònù ni mo ti wọ cPanel, ibi téèyàn ti ń ṣàkóso hosting, mo wá fódà plugins, mo yí orúkọ ẹ̀ padà sí plugins1, ojúewé jáde padà. Mo wọ ẹ̀yìn ìkànnì lọ, gbogbo plugin ti kú. Mo dá orúkọ fódà padà, mo sì ń jí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan títí mo fi bá ọ̀daràn. Aago kan ààbọ̀ òru ni mo sùn.

Láti ìgbà yẹn, mi ò gba iṣẹ́ WordPress láìsí owó ìtọ́jú oṣooṣù nínú àdéhùn wa. Orí ẹ̀dà ìkànnì ni mo ti ń kọ́kọ́ dán update wò, backup (ẹ̀dà ìpamọ́) sì ń lọ sórí Google Drive lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Oníbàárà tó bá ní òun ò lè san owó ìtọ́jú, mo máa ń sọ fún un láìfi bò pé kó má lo WordPress. Àwọn agbẹ́jọ́rò méjì yẹn, ojúewé kan péré ni wọ́n nílò: orúkọ, irú ẹjọ́ tí wọ́n ń gbà, nọ́ńbà fóònù. HTML lásán ni mo kọ fún wọn, mi ò sì tíì ní ìdí láti padà síbẹ̀.

Ọ̀nà ìkọ̀wé tuntun tó bá WordPress 5.0 dé lóṣù Kejìlá ọdún 2018, tí gbogbo nǹkan fi di block, ègé-ègé téèyàn ń tò léra, bí mi nínú nígbà náà. Ní báyìí, òun ni mo fẹ́ràn jù. Àwọn page builder ńláńlá, ìyẹn plugin téèyàn fi ń to ojúewé, dùn-ún lò lóòótọ́, àmọ́ wọ́n ń wúwo lórí fóònù.

Ohun kan tún wà tí mo fi ń yin WordPress. Ilé ẹ̀kọ́ kan wá bá mi lẹ́yìn tí domain wọn, ìyẹn orúkọ tí ìkànnì ń jẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ti bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ẹni tó ṣe é fún wọn ló fi orúkọ ara ẹ̀ rà á. Bọ́sà ṣáà ní pásíwọ́ọ̀dù hosting. WordPress ò ju fáìlì àti database kan (ibi tí ọ̀rọ̀ inú ìkànnì wà) lọ, mo kó méjèèjì lọ sábẹ́ .com.ng tuntun tí mo rà lórúkọ ilé ẹ̀kọ́. Àwòrán ọdún mẹ́rin, ìkan ò sọnù.

Iṣẹ́ Peckham ló dùn mọ́ mi jù. Theme tí arákùnrin náà yàn lẹ́wà, àfi ìgbà tí mo kọ ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ síbẹ̀: ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀. Àmì òkè ń fò kúrò lórí ọ̀, ó ń lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Nínú Unicode, ètò tó ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà lórí kọ̀ǹpútà, ọ ní nọ́ńbà tiẹ̀, ṣùgbọ́n ọ́ kò ní. Ọ ni, tí àmì kan tẹ̀ lé e. Bí fọ́ǹtì ò bá ní àmì yẹn, ẹ̀rọ á lọ yá a nínú fọ́ǹtì míì, kò sì ní jókòó dáadáa. Mo yọ fọ́ǹtì theme náà, mo fi Noto Sans rọ́pò ẹ̀, mo sì gbé e sórí ìkànnì fúnra ẹ̀. Inú child theme (theme kékeré tó ń jókòó lórí theme gan-an) ni mo ti ṣe é, torí téèyàn bá ṣe é sínú theme gan-an, update tó ń bọ̀ á pa á rẹ́. Arákùnrin náà fi fídíò kan ránṣẹ́ lópin ọ̀sẹ̀: ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́jọ kan di fóònù màmá ẹ̀ mú, ó fi ìka tọ àwòrán ọkọ́, ó sì pè é bó ṣe yẹ kí wọ́n pè é.