Kamẹ́líà Narumigata: pọ́n-ùn 34 lórí ewé tí kò ṣeé sè lọ́bẹ̀

Ọkọ mi ló kọ́kọ́ fi mí rẹ́rìn-ín. "Ìyá Ìbejì, pọ́n-ùn 34 lórí ewé tí a ò lè fi se ọbẹ̀?" Mo ní, ẹ ṣe sùúrù, Bàbá Ìbejì. Oṣù kẹta 2022 ni, lẹ́nu ọ̀nà wa ní Thamesmead, ní London.

Kamẹ́líà sasanqua ni, irú tí wọ́n ń pè ní Narumigata, nínú ìkòkò lítà 3. Igi Japan ni. Wọ́n ń fún òróró lára hóró rẹ̀, ìbátan igi tíì tí à ń mu láràárọ̀ sì ni. Kì í wọ́wé. Ìgbà tí àwọn igi yòókù bá ń gbọn ewé wọn dànù gan-an ni tirẹ̀ ń tanná.

Igi tí wọ́n fi ránṣẹ́ le dáadáa, kò sí kòkòrò kankan lára rẹ̀. Àmọ́ ìwé pélébé tó so mọ́ ọn kò sọ ju "máa bomi rin ín" lọ. Omi wo? Omi ẹ̀rọ London kún fún ẹfun. Ẹ yẹ inú kẹ́tù yín wò. Tayọ̀tayọ̀ ni mo ń da omi ẹ̀rọ sí i, títí ewé fi di àwọ̀ ìyeyè, tó ku iṣan inú rẹ̀ nìkan ní tútù. Mo pe ẹni tó tà á lẹ́ẹ̀mejì, kò gbé e. Ìyá àgbà kan ládùúgbò ló là mí lójú: kí n máa gbe omi òjò sínú dúrọ́ọ̀mù, kí n sì pààrọ̀ iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ sí èyí tí wọ́n kọ ericaceous sára àpò rẹ̀, ìyẹn iyẹ̀pẹ̀ fún igi tí kò fẹ́ ẹfun. Wọ́n tún ní kí n gbé e kúrò níbi tí oòrùn àárọ̀ ti ń tètè dé, torí bí oòrùn bá yára pa ìrudi tí yìnyín bò, ó parí nìyẹn.

Ọdún àkọ́kọ́, òdòdó 4 péré. Ọdún kejì, a lọ sìnkú ní Ìbàdàn ní oṣù kẹjọ, àsìkò tó ń múra láti rudi. Àwọn ìbejì ò bu ife omi kan sí i. Gbogbo ìrudi rẹ̀ já bọ́.

Ọdún kẹta wá dé. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe, nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Mo dé láago méje ààbọ̀ òwúrọ̀ kan nínú oṣù kọkànlá, òtútù ń fọ́ mi léegun, kí n tó yọ kọ́kọ́rọ́ ni òórùn dídùn kan kọlù mí. Funfun báláú, bí ẹni fi osùn díẹ̀ tọ́ etí rẹ̀, àárín rẹ̀ yẹ́lò. Awẹ́ rẹ̀ ń já lọ́kọ̀ọ̀kan sórí àtẹ̀gùn. N kì í gbá a.

Igi: 5 nínú 5. Ẹni tó tà á: 2, torí pé ó dì í dáadáa.

Bàbá Ìbejì ló ń bomi òjò sí i báyìí. Lánàá, ó ń béèrè bóyá wọ́n ní pupa. Wọ́n ní in, Yuletide lorúkọ rẹ̀, àmọ́ ibòmíràn la ó ti rà á.