Páànù Alúmíníọ́mù Tàbí Páànù Olókùúta: Èwo Ni Kí Ẹ Kàn Sórí Ilé Yín?

Nígbà tí wọ́n tú òrùlé ilé mi ní Akóbọ̀, n'Ìbàdàn, lọ́dún 2021, mo fa ẹyọ páànù olókùúta kan yọ nínú òkìtì tí wọ́n kó jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Mo jókòó tì í, mo fi ọ̀bẹ ha òkúta wẹ́wẹ́ ara rẹ̀ kúrò títí irin inú rẹ̀ fi hàn, mo sì fi micrometer, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wọn bí nǹkan ṣe nípọn tó, wọ̀n ọ́n. Mìlímítà 0.32. Mo tún un wọ̀n lẹ́ẹ̀mejì, kò yí padà. Rìsíìtì tí mo gbà ní 2015 wà lọ́wọ́ mi: 0.50 ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ìwé ìdánilójú tí wọ́n fún mi sọ pé àádọ́ta ọdún ni yóò lò. Kò lò ju mẹ́fà lọ.

Ẹ̀yin tí ilé yín ti dé orí òrùlé, tí ẹ kò tíì mọ èyí tí ẹ máa rà, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Mo ti lo méjèèjì lórí ilé kan náà. Pé olókùúta rẹwà, pé owó rẹ̀ ga ju ti long span, ìyẹn páànù alúmíníọ́mù gígùn, lọ, pé oríṣiríṣi àwọ̀ ló wà, ẹ ti gbọ́ gbogbo ìyẹn lẹ́nu àwọn tó ń tà á.

Ohun tí wọ́n fi ṣe wọ́n ni kí a kọ́kọ́ yanjú. Alúmíníọ́mù kì í dípẹtà bí irin. Ì báà jẹ́ long span tó gùn láti ṣóńṣó òrùlé dé etí láìní ìsopọ̀ láàárín, ì báà jẹ́ step tile tí wọ́n tẹ̀ ní àtẹ̀gùn-àtẹ̀gùn, ohun kan náà ni. Irin ni olókùúta ní tiẹ̀. Wọ́n fi síńkì àti alúmíníọ́mù bo irin náà fẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n wá fi gọ́ọ̀mù lẹ òkúta wẹ́wẹ́ mọ́ ọn lórí. Bí ìbòrí yẹn bá ṣe dára tó ni irin abẹ́ rẹ̀ yóò ṣe pẹ́ tó.

Bí páànù ṣe nípọn tó

Lọ́jà wa, nọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní géèjì, ìyẹn bí páànù ṣe nípọn tó ní mìlímítà, ló ń sọ iye tí a óò san. Ní ti alúmíníọ́mù, 0.45 àti 0.55 ló wọ́pọ̀ lórí ilé gbígbé, 0.70 sì wà fún ẹni tí agbára rẹ̀ bá ká a. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín 0.45 àti 0.55 kéré débi pé ìka ọwọ́ kò lè mọ̀ ọ́n, àmọ́ ẹsẹ̀ ẹni tó bá gun òrùlé lọ fọ táǹkì yóò mọ̀ ọ́n, nítorí pé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ a máa tẹ̀ wọnú. Ibi tó bá ti tẹ̀ yẹn, omi yóò máa dúró síbẹ̀.

Ní 2015, ẹni tó ta olókùúta fún mi gbé ẹyọ kan lé mi lọ́wọ́. "Ọ̀gá, ẹ gbé e wò. Ṣé ẹ rí i bó ṣe wúwo?" Lóòótọ́, ó wúwo. Mo fi àtàǹpàkò àti ìka kejì mú etí rẹ̀, ó ki. Òkúta ni mo mú, òkúta ló wúwo. N kò mọ̀ nígbà náà pé bí a bá gbé micrometer lé páànù olókùúta, òkúta ni yóò kọ́kọ́ kàn, nọ́ńbà tó bá sì gbé wá kì í ṣe ti irin. Kí ẹ tó lè mọ bí irin rẹ̀ ṣe nípọn tó, ẹ ní láti ha á. N kò tíì rí ọlọ́jà tó máa fi tìfẹ́tìfẹ́ jẹ́ kí ẹ fi ọ̀bẹ ha ọjà rẹ̀ kí ẹ tó sanwó.

Ní ọdún àkọ́kọ́, òkúta díẹ̀ ń bọ́ sínú gọ́tà. Kò sí láburú nínú ìyẹn, èyí tó lé nínú òkúta ló máa ń bọ́ níbẹ̀rẹ̀. Tiwa kò dáwọ́ dúró. Lójò 2018, ìyàwó mi ṣí táǹkì tí a fi ń gba omi òjò, yanrìn dúdú ti ga nísàlẹ̀ rẹ̀ tó ìbú àtẹ́lẹwọ́. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, omi pupa bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìlà sára ògiri lábẹ́ ibi tí òrùlé méjì ti pàdé, níbi tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ gé páànù tí irin rẹ̀ sì wà níhòòhò. Ní 2020, àjà yàrá àwọn ọmọ gba àbàwọ́n bí ìgbà tí ènìyàn da tíì sí i, kò pẹ́ tí ó fi sọ̀ wálẹ̀. Káfíńtà wá lẹ́ẹ̀mẹta. Gọ́ọ̀mù ló ń fi dí i, bí òjò méjì bá ti rọ̀, ó tún ṣí. Mo mú ìwé ìdánilójú, mo padà sí ibi tí mo ti rà á. Bàtà ni wọ́n ń tà nínú ṣọ́ọ̀bù náà.

Nígbà tí mo fẹ́ ra alúmíníọ́mù, mo kọ́kọ́ lọ ra micrometer lọ́wọ́ àwọn tó ń ta irinṣẹ́ mẹkáníìkì ní Agodi Gate. Mo gbé e lọ sílé iṣẹ́ páànù kan, wọ́n ní 0.55 ni tàwọn. Mo wọ̀n ọ́n, 0.47. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo jáde. Ní ibi kejì, mo mú páànù mẹ́ta tí èmi fúnra mi yàn, mo gba 0.55, 0.54, 0.55. Ibẹ̀ ni mo ti sanwó.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀, ojú ibi tó tẹ́jú ni kí ẹ ti wọ̀n ọ́n, kì í ṣe ibi tí wọ́n ti tẹ̀. Ẹ mọ̀ pé ọ̀dà ara rẹ̀ ń fi díẹ̀ kún nọ́ńbà náà. Ẹ wọ̀n ọ́n nígbà tí ẹ fẹ́ sanwó, kí ẹ sì tún un wọ̀n nígbà tí ọkọ̀ bá gbé e délé, kí wọ́n tó já a sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ géèjì rẹ̀ sí ara rìsíìtì.

Ẹni tí kò bá rí micrometer lè lo ìwọ̀n àwọn tó ń ta oúnjẹ adìyẹ. Alúmíníọ́mù 0.55 máa ń tó nǹkan bí kílò 1.5 ní square metre kan, 0.45 kò sì ju 1.2 lọ. Ẹ mú páànù tó gùn ní mítà 6, tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà 1.2 kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́: bí ó bá jẹ́ 0.55, yóò tó nǹkan bí kílò 10.7, bí ó bá jẹ́ 0.45, nǹkan bí 8.7. Kílò méjì kì í fara sin lórí ìwọ̀n.

Ẹ mú òòfà dání pẹ̀lú. Òòfà kì í lẹ̀ mọ́ alúmíníọ́mù. Àwọn kan ń kun irin tí wọ́n fi síńkì àti alúmíníọ́mù bò, wọ́n ń tà á lórúkọ alúmíníọ́mù. Bí òòfà bá ti lẹ̀ mọ́ ọn, irin ni, kí iye owó rẹ̀ sì jẹ́ iye owó irin.

Ẹ̀yin ará wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Amẹ́ríkà tí ẹ ń fowó ránṣẹ́ kọ́lé, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe gba fọ́tò páànù nìkan. Ẹ ní kí ẹni yín fi fóònù pè yín ní fídíò, kí ó wọ̀n ọ́n lójú yín.

Àwọn nǹkan yòókù

Ariwo òjò: olókùúta dákẹ́ ju alúmíníọ́mù lọ, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Bí alúmíníọ́mù bá ṣe fẹ́lẹ́ tó ni ariwo rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó.

Ooru: èyí tí àwọ̀ rẹ̀ bá mọ́lẹ̀ ló sàn nínú méjèèjì, kí ẹ sì fi ihò sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́ lókè àjà.

Igi: olókùúta ń jẹ igi púpọ̀, torí pé ẹyọ kọ̀ọ̀kan kúrú, ó sì ní láti sinmi lé igi tirẹ̀. Èyí ó wù kí ẹ mú, igi tútù yóò ká, yóò sì fa ìṣó tu, ẹ ra èyí tó gbẹ, kí ẹ sì fi oògùn ìkán kùn ún kí káfíńtà tó gbé e gòkè.

Gíga òrùlé: àwọn ilé ìgbàlódé tí wọ́n fi ògiri bo òrùlé, tí òrùlé wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́jú, long span ló yẹ wọ́n. Ìsopọ̀ olókùúta pọ̀, bí omi kò bá tètè ṣàn kúrò lórí rẹ̀, yóò wá ọ̀nà wọlé.

Sìmẹ́ǹtì: alúmíníọ́mù kórìíra sìmẹ́ǹtì tútù, ó máa ń jẹ ẹ́ lára. Kí àwọn bíríkìlà rẹ́ ògiri òkè tán kí ẹ tó kan páànù.

Sólà: láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún 2023, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń gbé sólà sórí ilé. Bí ó bá wà lọ́kàn yín, ẹ sọ fún káfíńtà kí ó fi igi kún ibi tí yóò jókòó sí, kí ẹ má sì ra páànù tó kéré sí 0.55.

Bí ó bá jẹ́ ilé àtijọ́ tí wọ́n fi asbestos bo òrùlé rẹ̀ ni ẹ fẹ́ tún ṣe, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fọ́ ọ ní gbígbẹ. Eruku rẹ̀ máa ń fa àrùn jẹjẹrẹ. Kí wọ́n wọ́n omi sí i, kí wọ́n tú u lódindi, kí wọ́n sì bo imú.

Èwo wá ni kí ẹ rà?

Olókùúta tó jẹ́ ojúlówó wà. Ilé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Ìkòròdú, 2012 ni wọ́n kan tiwọn, títí di òní, ẹ̀kán omi kan kò kán sílé. Bí òrùlé yín bá ga dáadáa, tí ẹ sì rí ẹni tó gbà kí ẹ ra ẹyọ kan ṣoṣo, kí ẹ ha á, kí ẹ wọ̀n ọ́n, kí ẹ tó ra ìyókù, ẹ rà á, ẹ óò gbádùn rẹ̀ nígbà òjò. Èmi kò rí irú ẹni bẹ́ẹ̀. Alúmíníọ́mù 0.55 ni mo rí wọ̀n pẹ̀lú ọwọ́ mi, òun ló sì wà lórí ilé mi.

Ní oṣù kẹrin tó kọjá, ìjì àkọ́rọ̀ òjò ṣí òrùlé ilé mẹ́ta ládùúgbò wa. Ilẹ̀ mọ́, èmi àti káfíńtà fi àkàbà gòkè lọ wo tiwa. Etí òrùlé la kọ́kọ́ yẹ̀ wò, torí ibẹ̀ ni atẹ́gùn ti máa ń mú páànù. Ìṣó onírọ́bà mẹ́rin ló ti tú díẹ̀. Ó yọ wọ́n, ó fi èyí tó gùn jù wọ́n lọ rọ́pò wọn, a sọ̀kalẹ̀.