Wikipéédíà lórí àrùn Alzheimer: àgbéyẹ̀wò ẹni tó ń tọ́jú ìyá rẹ̀ nílé

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un. Màá sọ ìdí tí mo fi yọ ọ̀kan tó kù.

Èmi kì í ṣe dókítà o. Màámi ni àrùn Alzheimer, àìsàn tó ń ba iyè jẹ́, ń ṣe, ọ̀dọ̀ mi n'Ìbàdàn ni wọ́n sì ń gbé. Bùrọ̀dá mi wà ní London, àbúrò wa obìnrin wà ní Houston, gbogbo wa sì jọ wà nínú gúrúùpù WhatsApp ẹbí, níbi tí oògùn kì í ti í wọ́n. Ẹnì kan á ní òróró àgbọn ló ń wò ó. Ẹlòmíì á ní ìkòkò alumíníọ́mù tí Màámi ti fi ń sebẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ ló fà á, ká kó gbogbo ẹ̀ dànù. Àǹtí wa kan gbà pé aráyé ló ṣe wọ́n. Ti àǹtí yẹn kọjá ohun tí ìwé lè bá wa yanjú, ṣùgbọ́n méjì tó ṣáájú, mo nílò ibi tí mo ti lè yẹ̀ wọ́n wò lórí fóònù láìsan kọ́bọ̀. Wikipéédíà ni mo ń lò, èyí tó wà lédè Gẹ̀ẹ́sì. (Kò rí ẹ̀rí tó múná dóko fún òróró àgbọn, bẹ́ẹ̀ ni kò rí i fún ìkòkò. Àwọn ìkòkò náà ṣì wà ní kíṣìnnì mi.)

Ohun táwọn èèyàn fi ń bu ẹnu àtẹ́ lù ú ni pé ẹnikẹ́ni ló lè kọ nǹkan síbẹ̀. Òótọ́ ni. Ohun tí wọn kì í sọ ni pé ọ̀rọ̀ ìlera ní òfin tirẹ̀ níbẹ̀, òfin náà sì le ju ti àwọn olórin àti agbábọ́ọ̀lù lọ. Tí ilé ìwádìí kan bá fún eku lóògùn tí ara eku sì yá, ìyẹn nìkan ò tó ohun tí wọ́n máa gbé ọ̀rọ̀ lé. Iṣẹ́ àwọn ọ̀mọ̀ràn tó ti kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ, tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò tí wọ́n sì sọ ibi tó já sí, ni wọ́n máa ń wá, tàbí ìlànà àwọn àjọ ìlera ńlá. Wọ́n sì fẹ́ kí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ má ju nǹkan bí ọdún márùn-ún lọ. Ìwé ìròyìn ò tó ẹ̀rí fún wọn. Láti ọdún 2014 ni àjọ Cochrane, tí iṣẹ́ rẹ̀ gan-an jẹ́ irú àkójọ bẹ́ẹ̀, ti ń bá wọn ṣiṣẹ́ pọ̀.

Ọ̀rọ̀ oògùn ni mo ti rí èrè òfin yìí jù. Ní oṣù kẹfà ọdún 2021, àjọ FDA, tó ń yẹ oògùn wò ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí aducanumab, oògùn Alzheimer tí ilé iṣẹ́ Biogen ṣe. Bùrọ̀dá mi fi ìròyìn ránṣẹ́: wọ́n ti rí i o! Wọ́n ti ń bèèrè bí a ṣe máa rà á. Mo lọ sí ojú ìwé oògùn náà, mo sì ń tẹ àwọn nọ́ńbà kéékèèké tó wà lẹ́yìn gbólóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2020, FDA fúnra rẹ̀ ti pe àwọn ọ̀mọ̀ràn jọ láti gbà á nímọ̀ràn. Nígbà tí wọ́n bi wọ́n bóyá ìdánwò tí ilé iṣẹ́ náà gbára lé tó ẹ̀rí pé oògùn ọ̀hún ń ṣiṣẹ́, mẹ́wàá nínú wọn ní kò tó, ẹnì kan ní òun ò lè sọ, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó ní ó tó. FDA ṣì fọwọ́ sí i, torí pé ó ń dín amyloid kù, ìyẹn èròjà purotéènì tó máa ń gbá jọ sínú ọpọlọ ẹni tó ní àrùn náà, kì í ṣe torí pé ó hàn kedere pé iyè aláìsàn ń jí sí i. Mẹ́ta nínú àwọn olùgbaninímọ̀ràn náà kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Owó ọdún kan sì ni 56,000 dọ́là. Mo da gbogbo ẹ̀ pọ̀ sí gúrúùpù, Bùrọ̀dá ò sì sọ nǹkan kan fún ọjọ́ mélòó kan. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n ti gé owó rẹ̀ sí bí ìdajì. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, Biogen ní àwọn ò tà á mọ́.

Lecanemab, oògùn tó tẹ̀ lé e, yàtọ̀, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ìdánwò rẹ̀ dára ju ti àkọ́kọ́ lọ: àwọn èèyàn 1,795, oṣù méjìdínlógún. Ohun tí gbogbo ìròyìn gbé jáde ni pé ó fi ìdá 27 nínú 100 dín bí àìsàn náà ṣe ń le sí i kù. Ṣùgbọ́n tẹ̀ lé ìtọ́kasí dé ìdí, wàá rí i pé lórí ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn aláìsàn, èyí tó lọ dé 18, ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹni tó gba oògùn àti ẹni tí kò gbà á jẹ́ 0.45. Nọ́ńbà méjèèjì jẹ́ òótọ́, ohun kan náà ni wọ́n sì ń sọ. Kó o rí ọ̀kan láìrí èkejì ni wàhálà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni wọ́n ń fa oògùn ọ̀hún sí iṣan, wọ́n sì ní láti máa fi ẹ̀rọ MRI ya àwòrán ọpọlọ aláìsàn torí ó lè wú tàbí kó ṣẹ̀jẹ̀. Ẹni tó bá mọ iye tí wọ́n ń gbà fún MRI ẹyọ kan níhìn-ín á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn ti parí fún ilé tiwa.

Ṣé òfin náà kò wá ní ihò? Ó ní. Ní ọdún 2006, ìwé ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì Nature, tí Sylvain Lesné jẹ́ òǹkọ̀wé àkọ́kọ́ rẹ̀, nípa irú amyloid kan tí wọ́n ní ó ń ba iyè eku jẹ́. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwé ìwádìí ló tọ́ka sí i. Ní oṣù keje ọdún 2022, ìwé ìròyìn Science gbé e jáde pé ó dà bíi pé wọ́n fọwọ́ kan àwọn àwòrán inú rẹ̀, ní oṣù kẹfà ọdún 2024 sì ni wọ́n fà á padà. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa: tí ìwé tó wó bá ti wọ inú iṣẹ́ àwọn tó kó ìwádìí jọ, gbígbára lé iṣẹ́ àwọn akójọ náà ò lè gbà ọ́. Ohun tó dùn mọ́ mi ni pé Wikipéédíà ní rọ́bọ́ọ̀tì kan tó ń wá àwọn ìtọ́kasí sí ìwé tí wọ́n ti fà padà, tó sì ń fi àmì sí wọn kí ènìyàn lè wá tún un ṣe. Ìwé ìmọ̀ tó wà lórí pẹpẹ mi ò ní irú ẹ̀.

Ó wá ku ìràwọ̀ tí mo yọ. Àjọ ìlera àgbáyé ní ní ọdún 2021, mílíọ̀nù 57 èèyàn ló ní àìsàn tó ń ba iyè àti òye jẹ́, èyí tí Alzheimer pọ̀ jù nínú rẹ̀, iye tó sì lé ní ìdá 60 nínú 100 wọn ń gbé ní orílẹ̀-èdè tí owó kò ti pọ̀. Àmọ́ ta ló ń ṣe ìwádìí tó wà nínú àwọn ìtọ́kasí? Òyìnbó ló pọ̀ jù, lára òyìnbó. Ọwọ́ wa níhìn-ín kò sì ṣófo. Bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1992, Yunifásítì Ìbàdàn àti Yunifásítì Indiana jọ tọpa àwọn àgbàlagbà ní Ìdíkàn n'Ìbàdàn àti àwọn àgbàlagbà aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis l'Amẹ́ríkà fún ọ̀pọ̀ ọdún, pẹ̀lú ìbéèrè kan náà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adésọlá Ògúnníyì àti Hugh Hendrie wà lára àwọn tó ṣe é. Èsì tó jáde nínú JAMA, ìwé ìròyìn ìṣègùn, ní ọdún 2001 ni pé lọ́dọọdún, 1.15 nínú 100 ló ń kó sínú Alzheimer ní Ìbàdàn, 2.52 ní Indianapolis. Ìdajì, bẹ́ẹ̀ kò tó. Àbùdá APOE ε4 tó ń fi ewu kún ti òyìnbó gan-an, ipá rẹ̀ lára àwọn ará Ìbàdàn kò tó bẹ́ẹ̀ rárá.

Irú iṣẹ́ báyìí ni òfin ọdún márùn-ún ń ṣe níkà. Fún oògùn tuntun, òfin náà dáa. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó jẹ́ pé àwọn tó ń náwó sí irú ẹ̀ ní Áfíríkà ò pọ̀, tó bá ti pẹ́, ó ti di ìwé àtijọ́ nìyẹn, àyè tó ń rí kò sì tó nǹkan. Ẹni tó bá ń ka ojú ìwé Alzheimer á rò pé ọ̀nà kan náà ló ń gbà mú gbogbo èèyàn láyé. Ti Wikipéédíà èdè Yorùbá ní tirẹ̀, ọ̀rọ̀ ìlera ibẹ̀ ṣì fẹ́ẹ́rẹ́ jù láti gbára lé, àwọn tó ń kọ ọ́ ò pọ̀.

Ìtàn àrùn náà dùn ún kà, ní tòótọ́. Auguste Deter, aláìsàn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣàpèjúwe àrùn náà lára rẹ̀, obìnrin ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta tí wọ́n gbé wá sílé ìwòsàn ní Frankfurt ní 1901. Alois Alzheimer, dókítà tó tọ́jú rẹ̀, tó sọ̀rọ̀ rẹ̀ níwájú àwọn dókítà ní Tübingen ní 1906, lẹ́yìn tí obìnrin náà kú. Fáìlì obìnrin náà tó sọnù, tí wọ́n wá rí ní 1995. Mo kà á fún Màámi lálẹ́ ọjọ́ kan ní Yorùbá. Wọ́n bi mí bóyá obìnrin náà lọ́mọ. Mo ní ó bí ọ̀kan.

Má wá ìmọ̀ràn ìtọ́jú síbẹ̀ ṣá. Tí Màámi bá jí láàárín òru tí wọ́n ń wá ìborùn kí wọ́n lè lọ sọ́jà Dùgbẹ̀, Wikipéédíà ò ní sọ ohun tí mo máa ṣe. Òfin wọn náà ni pé ìwé ìmọ̀ ni, kì í ṣe ìwé ìlànà. Nọ́ọ̀sì ló kọ́ mi pé kí n má bá wọn jiyàn, kí n bá wọn wá ìborùn náà.

Fún ẹni tí dátà ń dùn: áàpù WikiMed tí Kiwix ṣe máa ń kó àwọn ojú ìwé ìlera sórí fóònù pátápátá, o ò sì ní nílò íntánẹ́ẹ̀tì láti kà wọ́n. Èyí tó pé lédè Gẹ̀ẹ́sì ju gígábáìtì kan lọ, torí náà ibi tí Wi-Fi wà ni kó o ti gbé e. Ẹ̀dà tó o bá gbé lọ́jọ́ náà lo máa ní títí wàá fi gbé òmíràn, nítorí náà ọ̀rọ̀ oògùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, lọ sórí ìkànnì fúnra rẹ̀.