Àwọn gáìdì ẹja mahseer lódò Ramganga: mo fún wọn ní máàkì 4 nínú 5

Tẹ́ ẹ bá ń lọ Uttarakhand ní Íńdíà, ẹ wá àwọn gáìdì tó ń mú èèyàn dẹja mahseer lódò Ramganga, iṣẹ́ wọn dáa gan-an. Ẹ ò ní jẹ ẹ́ o! Tẹ́ ẹ bá ti mú un, ẹ máa dá a padà sómi ni, ìwọ̀ tí ò lẹ́gùn-ún ni wọ́n ń lò, wọn ò sì ní gbà kẹ́ ẹ gbé e sókè pẹ́ torí fọ́tò, ìyẹn gan-an ni mo fẹ́ràn jù. Ẹja tó lè gùn ju mítà kan lọ, aláwọ̀ góòlù, ó ti ń tán lọ báyìí, IUCN, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ààbò àwọn ẹ̀dá, náà ti kọ ọ́ mọ́ àwọn tó wà nínú ewu, torí dáámù ti dí ọ̀nà tó ń gbà gòkè odò lọ yé ẹyin, àwọn kan tún ń ju dáínámáìtì, ohun tó ń bú gbàù, sómi láti fi pẹja, tìyá tọmọ ló ń kú! Ó dùn mí gan-an. Gáìdì wa, ọmọ abúlé ibẹ̀, ní owó àlejò ló ń jẹ́ káwọn lè máa ṣọ́ odò.

Owó ẹ̀ wọ́n ṣá, wọn ò sì tètè ṣàlàyé ọ̀rọ̀ pámíìtì. Ẹ má lọ lásìkò òjò, ìgbà yẹn lẹja náà ń yé ẹyin.