Abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ ní Àkúrẹ́: ti ìjọba àbí ti aládàáni?
Ní ilé ìlera alábọ́ọ́dé ìjọba tí a ń lò ní Àkúrẹ́, ọ̀fẹ́ ni abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14, ṣùgbọ́n ìjókòó orí bẹ́ǹṣì máa ń pẹ́, ariwo ẹkún ibẹ̀ kò sì kéré. Ìdí tí wọ́n fi ń dá ọjọ́ tí àwọn ọmọ yóò péjọ gba abẹ́rẹ́ ni pé ìgò kan àjẹsára ikọ́ ife, èyí tí wọ́n ń gún sí apá òsì, máa ń tó ọmọ 20, wọn kò sì gbọdọ̀ lò ó mọ́ bí wákàtí 6 bá ti kọjá lẹ́yìn tí wọ́n pò ó. Ilé ìwòsàn aládàáni tí a lọ fún ti éèyi ní oṣù 9 yá ju bẹ́ẹ̀ lọ, a sì sanwó. Àmọ́ nọ́ọ̀sì wọn kò kọ ọjọ́ ìpadàbọ̀ oṣù 15 sínú káàdì, ọ̀dọ̀ ìjọba ni wọ́n ti bá wa kọ ọ́.