Ìdẹ èèrà oní-hydramethylnon lóko ọ̀pẹ̀ òyìnbó: ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ kò lè dá a ṣe

Ẹni tó bá rí i pé ewé ọ̀pẹ̀ òyìnbó òun ń pọ́n, tí etí rẹ̀ ń ká sísàlẹ̀, tí ṣóńṣó rẹ̀ sì ń gbẹ, oògùn tí wọ́n ń fọ́n sórí ewé ló sábà máa ń sáré rà. Èèrà ìdí rẹ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ gbógun tì, ìdẹ oní-hydramethylnon sì wà fún un. Ẹ ya ewé ìsàlẹ̀ díẹ̀, ẹ wo ìdí rẹ̀ dáadáa: àwọn kòkòrò mealybug á dì mọ́ ibẹ̀, funfun bí ẹni pé wọ́n fi ẹ̀lùbọ́ ra wọ́n lára, èèrà á sì máa rìn lórí wọn. Omi dídùn tó ń jáde lára mealybug ni èèrà ń lá, ìdí nìyẹn tó fi ń lé àwọn kòkòrò tí ì bá pa mealybug jẹ. Mealybug yìí ló ń gbé fáírọ́ọ̀sì láti ìdí kan dé òmíràn. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Hawaii fi hàn pé fáírọ́ọ̀sì yìí, tí wọ́n ń pè ní PMWaV-2, nìkan kò tó, mealybug nìkan kò tó. Àfi kí méjèèjì pàdé lára ọ̀pẹ̀ òyìnbó kan kó tó rọ.

Àgbàdo fífọ́ tí wọ́n fi òróró sóyà rin ni ìdẹ yìí, hydramethylnon, oògùn tó ń pa èèrà nínú rẹ̀, sì jẹ́ ìdá 0.73 nínú ọgọ́rùn-ún. Kì í pa èèrà lójú ẹsẹ̀, ohun tó dáa jù lára rẹ̀ nìyẹn: èèrà á gbé e délé, á fi bọ́ ìyá wọn kí agbára rẹ̀ tó hàn. Oògùn tó bá pa wọ́n sójú ọ̀nà kì í dé ọ̀dọ̀ ìyá, ìyá á sì máa yé ẹyin lọ.

Ó rọrùn púpọ̀ láti fi ṣòfò. Oòrùn tètè máa ń pa agbára rẹ̀, omi sì ń bà á jẹ́, nítorí náà ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ fọ́n ọn, sórí ilẹ̀ gbígbẹ, nígbà tí òjò tàbí omi ìbomirin kò ní kàn án fún ọjọ́ kan ó kéré tán. Àpò tí òróró rẹ̀ ti kan, tàbí tó ti gba òórùn oògùn apakòkòrò tí wọ́n kó o tì, èèrà kò ní fẹnu kàn án. Ẹ má kó o jọ sójú kan. Ẹ fọ́n ọn ká ní ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára àpò. Etí oko ló ṣe pàtàkì jù, nítorí títú ilẹ̀ máa ń fọ́ ilé èèrà tó wà láàárín oko. Láti ẹ̀bá tí a kò tú ni wọ́n ti ń padà wọlé.

Kí ẹ tó rà á, ẹ dán èèrà yín wò. Ẹ kán òróró sórí páálí kan, omi ṣúgà sórí òmíràn, ẹ gbé wọn sétí oko, kí ẹ padà wò wọ́n lẹ́yìn bíi wákàtí kan. Èèrà olórí ńlá, Pheidole megacephala, máa ń bo ti òróró, ìdẹ yìí sì bá a mu gan-an. Ti èèrà Argentina yàtọ̀: ohun dídùn ló ń wá, kì í ka ìdẹ olóróró sí. Bó bá jẹ́ òun ló gba oko yín, ẹ má rà á.

Àléébù tó ga jù ni pé kò lè mú fáírọ́ọ̀sì kúrò lára ọ̀pẹ̀ òyìnbó tó ti kó o. Ọmọ tàbí orí èso tí ẹ bá mú lára rẹ̀ á gbé àrùn náà lọ sóko tuntun, bí kò tilẹ̀ sí èèrà níbẹ̀. Èyí tó ti rọ lè tún yọ ewé tútù bí ẹni pé ara rẹ̀ ti yá. Ẹ má mú ọmọ lára rẹ̀ rárá. Àwọn ọmọ tí ẹ fẹ́ gbìn, ẹ rì wọ́n sínú omi gbígbóná 50°C fún ìṣẹ́jú 30, kí mealybug ara wọn lè kú. Àárín àwọn ọmọ náà ni kí tẹmọ́mítà wà, kì í ṣe ojú omi, torí ọmọ tútù tí a rọ́ sínú rẹ̀ máa ń dín ooru kù, kòkòrò tó wà láàárín á sì yè. Bó bá gbóná jù, ọmọ á jóná. Ẹ sá wọn kí omi ara wọn gbẹ, kí ẹ tó gbìn wọ́n sí ilẹ̀ tí ẹ ti fọ́n ìdẹ yí ká.

Lẹ́yìn ìgbà náà, ẹ máa gbé páálí olóróró sétí oko lóṣooṣù. Bí èèrà bá tún bò ó, ó ti tó àkókò láti fọ́n ìdẹ mìíràn, bí ohun tí wọ́n kọ sára àpò bá ṣì gbà á láàárín ọdún.